Àkùkọ Tó Ru Ẹsẹ̀ Hamidun

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kiri láì rò ó wò pé ta ló ni wọ́n. Hamidun tó ń rán imọ̀ ṣe òrùlé ní abúlé Lubuk Jering kò ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lọ́wọ́ àkùkọ kan.

Àkùkọ pupa ni, ìrù rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí wọ́n jí kó tó sùn tán. Kò ní orúkọ mìíràn ju Ẹsẹ̀ Dun lọ, nítorí Dun ni gbogbo abúlé ń pe Hamidun, tàbí Pak Dun, ìyẹn Bàbá Dun. Bí ó ti ń jẹ̀ kiri láti àgbàlá dé àgbàlá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aládùúgbò ń wá dúró ní ìdí àtẹ̀gùn ilé Hamidun láti fẹjọ́ sùn.

"Pak Dun, ẹsẹ̀ yín tún wọ oko mi lónìí. Ó ti hú gbogbo ata-ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn."

"Ẹ má bínú, ìyá. Mo ń bọ̀ wá mú un."

"Ẹ ò ṣe so ó mọ́lẹ̀?"

"Bí mo bá so ó mọ́lẹ̀, kí ni mo máa fi rìn?"

Obìnrin náà á ronú díẹ̀, á ní òótọ́ ni, á sì padà lọ tún ata-ilẹ̀ rẹ̀ gbìn. Ní Lubuk Jering, ènìyàn lè so ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lè so ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n a kì í so ẹsẹ̀ ọmọnìkejì ẹni.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Iṣẹ́ baba Hamidun ni iṣẹ́ rẹ̀. Á wọ ẹrẹ̀ etí odò lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ, á ká ewé rẹ̀ sórí ọparun tí ó ti là wẹ́wẹ́, á fi okùn pankẹ́rẹ́ rán an pọ̀, á sá a sóòrùn títí yóò fi pọ́n bí awọ, lẹ́yìn náà á gùn lọ tò ó sórí ilé onílé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ẹnìkan bá bú u, á kọ́kọ́ tú ìró ìdí rẹ̀, á tún un ró. Nígbà tí yóò bá fi ró o tán, ẹni tó bú u á ti lọ.

Ilé ewúrẹ́ ni ó ń bò lọ́jọ́ tí ó já bọ́. Ibi tí ó ti já kò ga tó ibi tí ènìyàn ti lè fi ìṣubú yangàn, síbẹ̀ ojúgun ọ̀tún rẹ̀ dá sí méjì. Ní ọsibítù ìlú, wọ́n ya fọ́tò inú eegun náà, wọ́n gbé e síwájú iná kí ó lè rí i, wọ́n ní àwọn máa la ẹsẹ̀ náà, àwọn á sì fi ìṣó kan irin mọ́ eegun. Hamidun wo fọ́tò náà pẹ́. Kì í ṣe eegun tó dá ló bà á lẹ́rù.

"Odah," ó sọ fún Saodah ìyàwó rẹ̀, "láti ìgbà tí mo ti ń ṣe òrùlé, ṣé mo kan ìṣó rí?"

"Ẹ ò kàn án rí. Rírán lẹ máa ń rán an."

"Èmi ń rán ilé fún ewúrẹ́, kí àwọn wá máa kan èmi ní ìṣó?"

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn àna rẹ̀ ti fi ẹní yí i, wọ́n gbé e gba ẹ̀yìn ilé ìdáná ọsibítù jáde bí ẹrù fàyàwọ́, ó di ilé Tok Kulup.

Tok Kulup, ìyẹn Bàbá Àgbà Kulup, ni atún-eegun-tò tí gbogbo ìlú tó wà létí odò náà mọ̀. Àgbàlagbà kúkurú ni, ata-ilẹ̀ pupa ti pa ọwọ́ rẹ̀ láró títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bí ó ti bá iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn baba rẹ̀ ló ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n bá gbé aláìsàn dé, yóò fi àtàǹpàkò wá ibi tí eegun ti dá, lẹ́yìn náà yóò mú àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ, yóò dá ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ní ojú ibẹ̀ gan-an. Ọ̀tún fún ọ̀tún, òsì fún òsì. Yóò fi pẹlẹbẹ ọparun di àwọn méjèèjì, yóò sì máa fi òróró kan náà pa wọ́n, òróró àgbọn tí ó fi koríko ọba, kànáfùrù, ata-ilẹ̀ pupa àti àwọn ewé mìíràn tí kò dárúkọ wọn fún ẹnikẹ́ni sè. Orí òpó ni wọ́n ń kọ́ ilé sí níbẹ̀; aláìsàn á sùn sórí ẹní lókè ilé, àkùkọ á wà nínú agbọ̀n lábẹ́ ilé, ní ìsàlẹ̀ ibi tí aláìsàn sùn sí. Ọjọ́ tí àkùkọ bá rìn, aláìsàn á rìn.

"Adìẹ kì í ronú," ni Tok Kulup máa ń wí. "Ìdí nìyẹn tí eegun rẹ̀ fi ń tètè so. Ìwọ ṣáà máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Má ṣáájú rẹ̀."

Èèwọ̀ pọ̀ nínú ìtọ́jú náà. Má jẹ ọ̀mùnú ọparun, má jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, má ré okùn kọjá. Èyí tó ga jù nínú wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo ẹsẹ̀ tí wọ́n dá lára àkùkọ náà, àfi oníṣègùn àti ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Eegun a máa tijú. Bí wọ́n bá wò ó kó tó ṣetán, á yíjú padà, kò sì ní so mọ́. Nígbà tí eegun bá gbó, oníṣègùn á fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ tú èèwọ̀, wọ́n á pa àkùkọ, aláìsàn á jẹ ẹ́, ẹsẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ẹni tó sùn sórí ẹní kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hamidun nígbà náà ni Derani tó ń ta kọfí. Ẹsẹ̀ òsì ni tirẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ ló wà, ó yíjú padà kí ó lè parí èébú tí ó ń bú ẹnìkan lọ́wọ́, afárá sì tán lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin méjì lókè, àkùkọ pupa méjì nísàlẹ̀. Derani ló kọ́kọ́ gba ìdáǹdè. Wọ́n fi omi àgbọn àti ata se àkùkọ náà, ó jẹ ẹ́ níṣojú gbogbo ènìyàn, ó tilẹ̀ fún Hamidun ní ọrùn. Tok Kulup ní ó di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ kí òun tú Hamidun náà sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, baba náà jókòó láti mu kọfí, ó ní kọfí náà gbóná jù. Kí kọfí tó tutù, òun alára ti tutù.

Wọ́n sin ín tán, wọ́n gbé agbọ̀n kan lé Hamidun lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Èèwọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú agbọ̀n.

Láti ìgbà náà ló ti ń rìn dáadáa, ìyẹn ni pé àkùkọ náà ń rìn dáadáa. Bí ajá bá lé àkùkọ, Hamidun á dédé dúró nínú ẹrẹ̀, á di itan mú, á sì máa mí gúlegúle. Inú yàrá wọn ni àkùkọ ń sùn, lórí irin ibùsùn, ní ìhà ọ̀dọ̀ Saodah, nítorí pé atẹ́gùn ń gba ìhà kejì wọlé. Ọmọ kan ṣoṣo ni Saodah bí, Limah, ó sì ti lọ́kọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n bá bi í léèrè ọmọ lọ́jà, á ní òun bí ọmọ kan, òun sì tọ́ ẹsẹ̀ kan.

Kò sí ará abúlé tó ń wo àkùkọ náà láti ikùn lọ sísàlẹ̀. Bí ó bá ń ré títì kọjá, àwọn ọkùnrin á gbójú sókè, wọ́n á máa wo orí igi àgbọn bí ẹni tó ń ka èso. Àwọn obìnrin á fi ìbòrí bo ojú ọmọ wọn. Àlejò tó bá bọ́ sí irú àsìkò bẹ́ẹ̀ máa ń lọ sọ níbòmíràn pé àwọn ará Lubuk Jering gbéraga, pé bí o bá kí wọn, òkè ni wọ́n ń wò. Hamidun alára kò wò ó rí. Bí ó bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, á dijú, á fi ọwọ́ wá a nínú omi bí afọ́jú.

Derani nìkan ni kò ní sùúrù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé Hamidun, ọ̀sán gangan ni àkùkọ náà sì ń kọ, nígbà tí rédíò ń ka orúkọ àwọn tó kú.

"Dun," á pè láti ìdí ìkòkò kọfí, "ẹsẹ̀ rẹ ti yàgbẹ́ sórí tábìlì mi."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi jẹ ẹsẹ̀ tèmi, ọ̀rọ̀ parí. Ta ló ní kí o máa sin tìrẹ bí ẹran ọ̀sìn?"

"Ẹni tó máa tú mi sílẹ̀ ló kú, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé o rí bí o ṣe ń fàlẹ̀ tó? Ikú pàápàá kò lè dúró dè ọ́."

Àwọn tó ń mu kọfí á rẹ́rìn-ín. Hamidun á tún ìró rẹ̀ ró, á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí abíyá, á kọjá sílé.

Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ adìẹ ni pé ọjọ́ ogbó rẹ̀ kì í jìnnà. Nígbà tí òjò ọdún náà ń lọ sópin, àkùkọ ṣíwọ́ kíkọ. Lẹ́yìn náà ó ṣíwọ́ jíjẹ. Saodah po ata-ilẹ̀ pupa mọ́ omi ìrẹsì gbígbóná, Hamidun sì ń fi ìka kán an sí i lẹ́nu. Àkùkọ náà ń gbé e mì bí àlejò tó ń jẹun kí onílé má bàa bínú. Bí ó ti ń rọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀tún Hamidun ń wúwo. Ó kọ́kọ́ ń tiro. Nígbà tó yá, kò wọ ẹrẹ̀ mọ́, ó jókòó sí àtẹ̀gùn, ó sì ń rán ìwọ̀nba imọ̀ tó kù nílẹ̀.

"Bàbá Limah," ni Saodah wí, "àkùkọ ti gbó ni. Àkùkọ a máa kú."

"Bó bá kú, ẹsẹ̀ mi ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ yín nìyẹn lábẹ́ yín. Mo ń wò ó."

"Àpò rẹ̀ lò ń wò."

Saodah wo àpò náà. Ó ti ń bá a gbé láti ìgbà tí àwọn méjèèjì wà ní èwe, ó mọ gbogbo ojú ibi tí ẹ̀gún ti gún un.

"Ẹ gbé e lọ bá Sepiah," ó wí níkẹyìn.

Ọmọ Tok Kulup ni Sepiah. Tipátipá ni bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ níṣẹ́ eegun, débi pé wọ́n sin bàbá náà tán ló lọ gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kò sì fọwọ́ kan eegun ẹnikẹ́ni mọ́. Hamidun kò tíì lọ bá a rí. Ó rò pé yóò ránṣẹ́ pe òun. Sepiah ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnìkan ń retí ìránṣẹ́.

Òdì kejì oko ìrẹsì ni ilé rẹ̀ wà, ọ̀nà náà sì jìn fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Derani gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, ó ti wa alùpùpù rẹ̀ wá sí ìdí àtẹ̀gùn.

"Gùn ún," ó ní. "Wọ́n á tú ọ sílẹ̀ ní ọ̀sán, a ó sè é ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti ra àgbọn."

Derani ló wà níwájú, Hamidun wà lẹ́yìn, àkùkọ sì wà láàárín wọn nínú aṣọ, orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Bí wọ́n ti ń gba orí pèpéle tóóró tó la oko ìrẹsì kọjá lọ, Derani kò dákẹ́.

"Adìẹ arúgbó, sísè pẹ́ ló ń fẹ́. O ní láti kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata-ilẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní fi koríko ọba púpọ̀ sí i."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń gbọ́ yín."

"Kó gbọ́. Ṣebí ó ti gbé ayé."

Hamidun fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí àkùkọ náà. Ó gbìyànjú láti ronú nípa ọjọ́ tí òun yóò ní ẹsẹ̀ méjì, tí òun yóò jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tí Saodah yóò sùn láì sí ẹni tó ń wo òun láti orí irin. Ìrònú náà kò dùn tó bí ó ti rò. Ooru ara àkùkọ náà ń gba inú aṣọ kàn án níkùn.

Wọ́n bá Sepiah nínú aṣọ iṣẹ́, ó ti kó irun rẹ̀ sínú àwọ̀n. Bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ń bọ̀ wá gbé e. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn lórí ìdúró, ó sì wo Hamidun bí ẹni tó rí àwo tí wọ́n gbàgbé sínú òjò.

"Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ò sì jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó láti ìgbà náà?"

"Mi ò tọ́ ọ wò."

"Pak Dun, kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá?"

"Mo rò pé o máa ránṣẹ́ ni, Piah."

Sepiah mí kanlẹ̀. "Ẹ jókòó. Kò ní pẹ́. Kí n ṣáà ti ka ọ̀rọ̀ sómi."

Ó gé ọsàn wẹ́wẹ́ sínú abọ́ omi, ó ka ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ sí i kíákíá, bí ọmọ ilé kéú tí ebi ń pa. Lẹ́yìn náà ó tú aṣọ lára àkùkọ, ó dá a dùbúlẹ̀ sí itan. Hamidun àti Derani gbójú sókè wo àjà. Wọ́n wò ó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ.

"Pak Dun," Sepiah ní, "ẹsẹ̀ yín wo ló dá?"

"Ọ̀tún."

"Ó dá yín lójú?"

"Èmi ni mo ni ín."

"Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n dá lára àkùkọ yìí."

Derani ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó tilẹ̀ fi ọwọ́ lu ilẹ̀. "Ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́? Dun ti ń fún ẹsẹ̀ òsì lóúnjẹ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹsẹ̀ òsì ta wá ni—"  Ó rẹ ojú wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ẹsẹ̀ òsì ara rẹ̀ pàdé lórí ẹní.

"Àkùkọ pupa méjì ni," Sepiah rọra sọ. "Ojú bàbá mi ti ń ṣú lásìkò náà. Kò fẹ́ ká sọ ọ́ síta."

"Èmi jẹ tèmi," ni Derani wí.

"Ti Pak Dun lẹ jẹ."

"Níṣojú gbogbo ènìyàn ni mo jẹ ẹ́."

"Ti Pak Dun lẹ jẹ níṣojú gbogbo ènìyàn."

"Èmi náà jẹ níbẹ̀," ni Hamidun wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ̀gbọ́n fún mi ní ọrùn."

 Derani na ọwọ́ méjèèjì, ó gba àkùkọ náà lórí itan Sepiah, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ lé lọ́wọ́. Ó ṣọ́ra kí ojú rẹ̀ má bàa lọ sísàlẹ̀.

"Piah, tú èmi náà sílẹ̀. Omi ṣáà wà nínú abọ́."

"Ìgbà tí mo tú aṣọ rẹ̀ ni mo tó rí bí àìsàn rẹ̀ ti pọ̀ tó, a kì í sì í tú èèwọ̀ lórí àkùkọ tó ń ṣàìsàn. Bẹ́ẹ bá jẹ ẹ́ báyìí, àìsàn rẹ̀ lẹ máa jẹ. Ẹ wò ó sàn ná."

"Bí kò bá sàn ńkọ́?"

 Derani yíjú sí Hamidun.

"Kí ló máa ń jẹ?"

"Omi ìrẹsì. Kó gbóná, kó má gbóná jù. Saodah máa ń po ata-ilẹ̀ pupa mọ́ ọn."

"Ibo ló ń sùn?"

"Orí irin ibùsùn. Kò fẹ́ atẹ́gùn."

"Ó máa ń wúkọ́?"

"Láàárọ̀ nìkan. Bí ẹ bá pa á lẹ́yìn, á dákẹ́."

Derani wo ibi tí iyẹ́ ti ré kúrò lọ́rùn àkùkọ náà, ìbínú sì gùn ún. "Dun, wo bí o ṣe sọ ẹsẹ̀ mi dà."

"Mo sin ín bí ọmọ, ẹ̀gbọ́n."

"O sin ín kẹ̀? O jẹ́ kí ajá máa lé e kiri ìgboro."

"Ajá yín ni, ẹ̀gbọ́n."

Derani jáde. Kò gun alùpùpù náà. Ó gbé àkùkọ sórí àga rẹ̀, ó fi aṣọ yí i ká, ó sì ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀ lórí pèpéle oko. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti ń tiro.

Hamidun fẹ́ dìde tẹ̀ lé wọn. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ẹsẹ̀ òsì gbéra, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún wà níbi tó wà. Ó tún gbìyànjú. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn pe orúkọ nínú ilé tí wọ́n ti kó kúrò.

"Piah," ó ní, "mi ò ní ẹsẹ̀."

"Ẹ nà án wá síbí kí n wò ó."

"Èwo? Wọ́n ti jẹ ẹ́."

"Pak Dun, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti jẹ ẹ́ lẹ ti ń fi rìn."

"Mi ò mọ̀ nígbà náà."

Sepiah mú ìgò òróró bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà, ó nu eruku rẹ̀, ó pa á sí ojúgun náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Eegun náà gún, ó sì le. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Hamidun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dìde. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó ń wo fọ́tò òkú. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni kò sí ohunkóhun tó dì í mú láyé. Ó ti gùn, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti ru imọ̀ gba orí afárá onígi kan ṣoṣo, lórí òfo. Ẹ̀rù tí ìbá ti máa bà á látọjọ́ yìí rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Sepiah wo ojú oòrùn. "Bàbá mi á ní ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni," ó ní. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tó padà dé, ó gbé àkùkọ funfun kékeré kan dání, irú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ, ó sì fi pẹlẹbẹ ọparun há abíyá. Ó jókòó sí òdì kejì yàrá. Ó fi àtàǹpàkò wá ojú ibẹ̀ lára ẹsẹ̀ ọ̀tún àkùkọ náà.

"Ẹ wòkè, Pak Dun."

Hamidun kò wòkè. Àkùkọ funfun náà ń wò ó, ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ẹni tí wọ́n mú wá síbi àsè tí kò mọ ẹni tó ń ṣe é. Hamidun rí i bí yóò ṣe rí. Yóò wà nínú agbọ̀n. Wọn kò ní sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ènìyàn yóò máa gbójú sókè bí ó bá ń kọjá. Ẹni tí yóò máa wẹ̀ ẹ́ yóò dijú, àkùkọ náà yóò sì darúgbó sínú yàrá ẹlòmíràn pẹ̀lú ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Àtàǹpàkò Sepiah méjèèjì ti pàdé lójú ibi tí yóò ti dá ẹsẹ̀ náà.

Hamidun kò mọ bí òun ṣe dé ibẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé àkùkọ náà ti wà lọ́wọ́ òun, ó ń ja iyẹ́ sí i lójú, Sepiah sì jókòó nísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ẹ gbé e fún mi, Pak Dun."

"Mi ò gbé e."

"Ẹ ti dìde."

"Mo rí i."

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí gan-an."

"Ẹ jókòó nígbà náà, kí n ráyè ṣiṣẹ́ mi."

"Bí mo bá jókòó, o máa dá a lẹ́sẹ̀."

"Mo gbọ́dọ̀ dá a lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ní ẹsẹ̀."

"Mi ò ní."

"Kí lẹ wá fi dúró?"

Hamidun ronú sí i tọkàntọkàn. "Mi ò mọ̀," ó ní.

Sepiah dúró dè é. Ó ti rí aláìsàn tó ń sunkún, ó ti rí èyí tó ń búra, ṣùgbọ́n kò tíì rí èyí tó dúró lórí àìsàn rẹ̀ kí wọ́n má bàa wò ó sàn. Òógùn bo iwájú orí Hamidun. Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ń gbọ̀n bí okùn tí wọ́n fà jù, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò jókòó. Fèrè bọ́ọ̀sì dún lójú títì. Sepiah dìde, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Mo máa padà dé lálẹ́," ó ní. "Bẹ́ẹ bá ṣì wà níbí, a ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ."

"Kò burú, ọmọ mi."

"Oúnjẹ wà nínú ìkòkò. Ẹ má fún adìẹ yẹn jẹ, ó ti jẹun."

Bọ́ọ̀sì gbé e lọ. Hamidun ṣì dúró díẹ̀ sí i, bóyá ó gbàgbé nǹkan tí yóò padà wá mú. Nígbà tí ìró bọ́ọ̀sì kò dún mọ́, ó gbé àkùkọ funfun náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àkùkọ gbọn ara, ó rìn lọ sábẹ́ ilé, kò wẹ̀yìn.

Ojú ọ̀run ti ṣú ní ìhà odò. Hamidun wò ó, ọkàn rẹ̀ sì lọ sílé, síbi tí Saodah sá imọ̀ sí, àgbàlá kún fún un, èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán tí kò gbọdọ̀ fara kan omi mọ́. Obìnrin kan kò lè dá a kó. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó di òpó mú. Ó gba orí pèpéle oko ìrẹsì. Ó ń tiro ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń bẹ ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó ń bẹ àna. Nígbà tí atẹ́gùn tutù gba orí ìrẹsì kọjá, ó fi kún ìrìn. Nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bà á lórí, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

"Odah," ó ń pè láti ọ̀nà jíjìn, "imọ̀, imọ̀ o."

Saodah jáde sí àtẹ̀gùn. Ó rí ọkọ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀ lórí pèpéle, tí abíyá rẹ̀ ṣófo, tí ojúgun rẹ̀ méjèèjì wà níta. Ó fẹ́ béèrè nǹkan kan. Òjò ti dé etí àgbàlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó imọ̀ láti ìpẹ̀kun tirẹ̀.